Igbá Omi Ẹtù

Àlọ́ mi rèé o. Ó fo ẹni tó ń tòògbé dá, ó já lu Ẹtù abiyamọ.

Ìkookò ló gbé Erin dórí ìtẹ́. Kí Erin má bàa ya aláìmoore, ó fi ìsun omi ìlú ta á lọ́rẹ. Ìkookò sọgbà yí i ká, ó ní ẹni tó bá fẹ́ pọnmi, kó wá ro oko òun ná.

Òùngbẹ ń pa ọmọ Ẹtù lọ nílé. Ẹtù fẹ́ fẹjọ́ sun ọba, àmọ́ àṣà ìlú wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rojọ́ láìgbé igbá omi síwájú Erin.

Ẹtù roko títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi fẹ́ kán. Ìkookò bu igbá kan fún un. “Ìyá ọmọ, bá mi kí Kábíyèsí o.”

Ẹtù wo omi, ó ro ti ọmọ. Ó ní bí òun bá jàre, ọmọ òun á mu àmutẹ́rùn. Ló bá kọrí sí ààfin. Ẹ gbè é dáadáa, ẹ̀yin ọ̀lẹ:

Ọmọ mi ń ké nílé o,
— Omi dà?
Erin ọba, gbọ́ tèmi o,
— Omi dà?

Erin gba igbá, ó fà á mu tán. “Kí lẹjọ́ ẹ?”

“Kábíyèsí, kò sómi nílùú.”

“Èyí tó mọ́ lóló yìí ńkọ́? Níbo lo ti bù ú?”

“Lọ́dọ̀ Ìkookò ni.”

“Ìkookò mà ń ṣiṣẹ́ o. Máa lọ tọ́jú ọmọ ẹ.”

Ibi tí àlọ́ mi parí sí nìyẹn. Kí ló dé tẹ́ ò gbè mọ́?