"E ma lo": Kùrukùru Tí Ọlápàdé Ṣírò Tán

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ dákun, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kẹ́ ẹ tó tẹ òmíràn.

1.
Ọlápàdé ń ṣe ìwádìí ojú ọjọ́ ní yunifásítì kan ní Yábàá. Ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀. Oòrùn á fa omi sókè láti inú ọ̀sà, afẹ́fẹ́ á gbé e kiri láìfojú rí. Bí ilẹ̀ bá tutù láàárọ̀, omi yẹn á so mọ́ èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ní Makoko, á di kùrukùru. Gbogbo èyí ló kó sínú kọ̀ǹpútà, tó fi lè sọ lálẹ́ bí ojú omi yóò ṣe rí lọ́jọ́ kejì. Ọmọ náà mọ̀wé, ẹ jẹ́ ká má parọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, Àǹtí Kíkẹ́, jẹ́ tíṣà ní iléèwé orí omi ní Makoko. Nítorí rẹ̀ ni Ọlápàdé ṣe ń kọ̀wé sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ojú ọjọ́ yóò bá dáa, á kọ ọ́ pé: "E ma lo." Ó tán.

2.
Jameelah tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kìlọ̀ fún un.

"Pàdé, fi àmì sí i jàre. 'Ẹ máa lọ' ló wà lọ́kàn ẹ, 'ẹ má lọ' lẹlòmíì lè kà."

"Equation ni mò ń solve, èmi kì í ṣe tíṣà Yorùbá. Wọ́n ti mọ̀ mí."

Ẹ gbọ́ ìgbéraga! Ẹni tó lè fi ọ̀sẹ̀ kan wá àṣìṣe bíńtín nínú ìṣirò, àmì orí ọ̀rọ̀ ń ni ín lára.

3.
Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, kọ̀ǹpútà fi hàn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń kọ̀wé sí wọn, pé kùrukùru ńlá ń bọ̀. Ọlápàdé kọ ọ́ pé: "Laaro ola, e ma lo." Ó sùn.

Ilẹ̀ mọ́, kùrukùru bo gbogbo Yábàá. Inú rẹ̀ dùn! "Mo kúkú sọ!" Ó ṣí fóònù kó fi yangàn, ló bá rí ọ̀rọ̀ Àǹtí Kíkẹ́: "A dupe, Pade. A ti wo inu oko."

Ó pè é títí, kò gbé e. Ló bá pe Jameelah.

4.
Òun àti Jameelah sáré dé etí omi. Wọn ò rí ju imú wọn lọ. Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ akóyanrìn láàárín ọ̀sà. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọ lu ọkọ̀ kékeré, ó parí.

"Àǹtí mi o!" Ọlápàdé bú sẹ́kún. "Èmi ni mo pa wọ́n!"

"Dákẹ́, gbọ́ ná," ni Jameelah wí.

Orin ni wọ́n gbọ́. Nígbà tí ojú omi ṣú, Àǹtí Kíkẹ́ ti ní kí atukọ̀ so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé kan, kí gbogbo èrò máa kọrin kíkankíkan kí ọkọ̀ ńlá lè gbọ́ wọn. Nígbà tí oòrùn yọ, wọ́n rọra tukọ̀ padà. Gbogbo wọn pé, kò sẹ́ni tó fara pa. Ọpẹ́ o! Ọlápàdé dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"A rí kùrukùru tó ń bọ̀," ni Àǹtí Kíkẹ́ wí. "Àwọn kan fẹ́ padà. Èmi ni mo ní àbúrò mi kì í ṣì í, ó ní ká máa lọ."

"Àǹtí, má ni mo kọ, kì í ṣe máa!"

Àǹtí Kíkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fà á dìde. "Tóò. Ọlọ́run ló bá ẹ fi àmì sí i lónìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣirò Ọlápàdé kò ṣì rárá, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó di apààyàn. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì máa fi ẹ̀mí ara ẹ̀ tẹ̀ lé. Ẹ fi àmì sí i; bẹ́ ẹ ò bá mọ àmì, ẹ pè wọ́n, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.