Ìṣirò Tí Ojú-nìwọ̀n Kò Ṣe

Ọ̀lẹ ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀lẹ ọwọ́, ọ̀lẹ ọpọlọ ni. Ì bá tún sàn bó bá gbà pé òun ya ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ló ń pè é. Níléèwé gíga tó ti ń kọ́ ìṣirò ìwádìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ojú-nìwọ̀n. Bí wọ́n bá gbé ìṣirò síwájú rẹ̀, á wò ó fìrí, á ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú lèmi fi ń ṣírò."

Nígbà tó yá, wọ́n dé orí ìtúpalẹ̀ ìyàtọ̀, ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọ̀wọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì. Obìnrin àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín ló ń kọ́ wọn. Ó kọ ìwọ̀n ẹja adágún mẹ́ta sára pátákó, ẹja mẹ́wàá-mẹ́wàá láti inú adágún kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má kàn wá ìpíndọ́gba kí ẹ sì dìde," ó wí. "Ẹ wo bí ẹja inú adágún kan náà ṣe yàtọ̀ síra wọn. Bí ìyàtọ̀ inú adágún bá pọ̀ ju ìyàtọ̀ adágún sí adágún lọ, ìpíndọ́gba ń tàn yín jẹ ni."

Ó ní kí olúkúlùkù fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú ìṣirò náà méjìlá. Ojú-nìwọ̀n kò ṣe ẹyọ kan. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan ló lọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Tún-un-ṣe, nítorí kì í ṣe ìṣirò kan kí ó má tún un ṣe.

"Ọmọ dáadáa, ṣàánú mi, yá mi níwèé rẹ."

"O ò ní mọ̀ ọ́n o. A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè."

"Ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n? Máàkì ni mo fẹ́."

Ó dà á kọ látòkè délẹ̀, títí kan 11.38, ìdáhùn ìṣirò ẹja tí Tún-un-ṣe fa ìlà méjì sí nídìí. Wọ́n fún un ní máàkì tó pé. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn lọ́jọ́ ayọ̀?

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó di akọ̀wé ìwádìí nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú òbí wọn, ń gbé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wá. Wárápá ń yọ ọmọ náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń fún un ti mú kí ara rẹ̀ balẹ̀ débi pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé.

Dókítà àgbà wá ń fi oògùn yẹn wé méjì mìíràn, ọmọ mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ka iye ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lò kí àìsàn náà tó tún dé. Ìpíndọ́gba oògùn àkọ́kọ́ jẹ́ ogún ọjọ́. Ti ìkejì kò tó bẹ́ẹ̀. Ti ìkẹta jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ojú-nìwọ̀n wò ó fìrí, ó ní ìkẹta ló dáa jù.

"Ṣé o ti ṣe ìtúpalẹ̀ ìyàtọ̀?" dókítà bi í.

"Mo ti ṣe é, sà."

Irọ́ ni. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó yọ ìwé iléèwé rẹ̀ àtijọ́, ó wá ibi tí ọ̀wọ́ mẹ́ta wà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ó mú 11.38, ó gbé e sínú ìjábọ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn dókítà, kò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n pààrọ̀ oògùn gbogbo àwọn ọmọ náà sí ìkẹta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á sí kọ̀rọ̀. "Àbúrò mi, èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ kúkú bá a lára mu. Ṣé kí n gba tuntun yìí?"

"Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi fúnra mi ni mo ṣírò rẹ̀."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àìsàn mú ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn iléèwé. Ó forí sọlẹ̀, kò sì jí mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn ọmọ mìíràn tí ara wọn ti balẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú nílé wọn.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ilé ìwòsàn pe olùyẹ̀wò láti ìta, Tún-un-ṣe ló sì wọlé. Ó ka ìjábọ̀ náà níwájú dókítà àti àwọn òbí, ó sì dúró lójijì.

"Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ti oògùn," ó wí. "Ti ẹja ni. Èmi ni mo ṣe é."

Ó ti pépà àti pẹ́ńsù sí Ojú-nìwọ̀n. "Ó dáa, ṣe tìrẹ."

Ojú-nìwọ̀n di pẹ́ńsù mú. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Nínú ọmọ mẹ́wàá tó lo oògùn kẹta, mélòó ló dé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún?" Tún-un-ṣe bi í.

Ojú-nìwọ̀n fi ìka ka ìwé tí wọ́n kọ iye ọjọ́ àwọn ọmọ náà sí. Ọmọ méjì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́, àwọn ló gbé ìpíndọ́gba sókè. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́jọ yòókù tó kọjá ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lórí oògùn àkọ́kọ́, kò sí ọmọ tí kò pé ọjọ́ méjìdínlógún.

"Méjì," ó wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó gbé báàgì iléèwé ọmọ rẹ̀ lé itan. "Àbúrò mi," ó wí, "àwọn mẹ́jọ yẹn wà nínú ìwé láti ọjọ́ yìí wá, o ò kà wọ́n?"

Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje. Nígbà tó jáde, ó lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó láti ojú fèrèsé, ó sì fa aṣọ fèrèsé dí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò ṣòro. Iṣẹ́ tí olùkọ́ ní kí o fọwọ́ ara rẹ ṣe, ṣe é. Ẹni tó jí iṣẹ́ ẹlòmíì wò lè tan olùkọ́, ó lè tan ọ̀gá, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀mí ẹnìkan yóò wà lórí ohun tí kò kọ́. Má sì fi ìpíndọ́gba bo àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀. Wo olúkúlùkù wọn, nítorí ọmọ ẹnìkan ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.