Kí Omi Tó Dé Ẹnu Ọ̀nà Vernon

Màmá agbálẹ̀ kan fi igi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàtà kan tó ti kógbá wọlé ní àárín ìlú Milwaukee, ní Amẹ́ríkà.

"Vernon, ilẹ̀ ti mọ́. Káṣọ ẹ, omi ń bọ̀."

Lonnie, tí ẹgbẹ́ oníṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa fi ẹ̀rọ fọ ojú pópó, ń wò ó.

"Màmá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Jẹ́ kó dìde ná."

"Mi ò rí ẹnì kankan o. Àbí ẹ ò tíì mu kọfí yín?"

"Èmi náà ò rí i mọ́. Nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹni tó dúró fún mi ò lu ilẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Omi rin Vernon gbingbin lójú oorun. Ó ti kú, yìnyín ti dì mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀ pé èèyàn ni."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Lonnie, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ti ń pariwo lórí rédíò ìbánisọ̀rọ̀ tó so mọ́ ìbàdí. Lonnie tan ẹ̀rọ. Nígbà tó máa pa á, gbogbo ilẹ̀ ló ń dán, àfi ojú ibì kan tó gbẹ táútáú, tó rí bí ẹni tó ká eékún sáyà sùn.

Ó tún da omi síbẹ̀. Omi yà fún un.

Lonnie gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ màmá, ó rọra lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gbẹ́ni Vernon. Ilẹ̀ ti mọ́."

Wọ́n dúró. Láti ibi orí wá sí ibi ẹsẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀.