Àga Tuntun Nínú Bàálù Ọlábámijí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ ò mọ̀ ọ́n.

1.

Magodo ni Ọlábámijí ń gbé. Ajé yà sílé rẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, ó gbàwé àṣẹ, ó sì ra bàálù kékeré kan, oníjókòó mẹ́rin. Catherine ló ń bá a tọ́jú rẹ̀, ẹnjiníà tó kọ́ṣẹ́ bàálù nílùú òyìnbó, tí àwọn olówó ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Tó bá ti tó àkókò, Catherine á tú ẹ́ńjìnnì, á pààrọ̀ ọ́ìlì, á yẹ gbogbo wáyà wò, á wá sọ pé, "Uncle Bámijí, ẹ lè gbé e fò." Àfi tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kí Bámijí tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo nǹkan ń lọ geerege.

2.

Àfi ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yọjú wo inú bàálù, tó bú sẹ́rìn-ín.

"Bámijí, àga yìí le bíi bẹ́ǹṣì iléèwé! Ṣé bí olówó ṣe ń jókòó nìyí?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ọ̀rẹ́ a máa ta ni ju èébú ọ̀tá lọ. Ló bá pe àwọn tó ń ṣe àga mọ́tò ní Kétu. Wọ́n ṣiṣẹ́ o, mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fi pákó, fóòmù tó nípọn àti awọ gidi ṣe àga mẹ́rin. Bámijí tún ní kí wọ́n de sípíkà ńláńlá mọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n gbé fíríìjì kékeré síbẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tí yóò máa gbé e. Bàálù di pálọ̀!

Nígbà tí Catherine dé, ó káwọ́ lérí.

"Uncle, ta ló kó gbogbo èyí sẹ́yìn bàálù?"

"Èmi ni. Ṣé kò rẹwà ni?"

"Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n bàálù kì í ṣe jíìpù, ẹ̀yin náà kọ́ ọ níléèwé. Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá wúwo jù, imú ẹ̀ á nà sókè, kò ní í ṣeé darí mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òṣùwọ̀n mi máa dé. Tá a bá ti wọ̀n ọ́n, màá sọ ohun tó yẹ ká yọ. Ẹ má tíì gbé e fò o. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti gbọ́," ni Bámijí wí. Etí gbọ́, ọkàn ò gbọ́.

3.

Ìyá rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìkòsì ni Màmá ń gbé, àbúrò Màmá sì fẹ́ ṣílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Bámijí ti ṣèlérí pé bàálù lòun máa fi gbé Màmá dé Ìlọrin, kí mọ́tò wá gbé wọn dé ibi tó kù. Màmá ti pe gbogbo ẹbí. Ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́, àdúgbò ti gbọ́. Báwo ni Bámijí ṣe máa wá sọ pé òṣùwọ̀n ò tíì dé? Ojú ń tì í. Ojú tó ń tì í yìí gan-an, ẹ fọkàn sí i dáadáa, òun ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Ẹ sì mọ àwọn ìyá wa. Ìyá wo ló ń ti Èkó lọ sílé lọ́wọ́ òfo? Láàárọ̀ Sátidé, Màmá dé pápá bàálù tàwọn ti àpò ìrẹsì tí wọ́n rà ní Mile 12, páálí ẹja, àti búrẹ́dì tó pọ̀ bí nǹkan míì.

"Màmá, ẹrù yìí pọ̀ o."

"Kí ni kí n wá fi wọ̀lú? Kí wọ́n ní ọmọ mi fi bàálù gbé mi wá, mi ò mú nǹkan kan dání? Gbé e sẹ́yìn jàre, ọkọ mi."

Bámijí wo ẹrù, ó wo àga. Ọkàn rẹ̀ ní kó pe Catherine. Ó ti fóònù bọ àpò. Ó ní, "Kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀."

4.

Bàálù sáré títí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó gbéra. Bó ṣe gbéra báyìí, imú rẹ̀ nà sókè. Bámijí fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kò gbà. Màmá ń pariwo "Jésù! Jésù!" Kò tíì ga ju igi lọ tó fi já lulẹ̀ gbì sínú igbó tó wà lẹ́bàá pápá.

Bàálù run wómúwómú. Ọlọ́run ni ò jẹ́ kó gbiná. Orí ni Bámijí fi ṣèṣe. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn Màmá ṣẹ́, dókítà sì ní Màmá ò ní í fẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́.

5.

Gbogbo ẹni tó bá wá kí Màmá lọ́sìbítù, ohun kan náà ni Màmá ń sọ fún un.

"Ẹrù mi ni. Ìrẹsì mi ló wúwo jù. Èmi ni mo fẹ́ẹ̀ pa ọmọ mi."

Wọ́n á máa sunkún. Bámijí á jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, á dákẹ́. Háà, ọmọ èèyàn! Ó ń gbọ́ ọ, ó dákẹ́!

Lọ́jọ́ kan, Catherine wá. Ó gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ, ó yíjú wo Bámijí. Ara Bámijí ò gbà á mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ má dára yín lẹ́bi mọ́. Ẹrù yín kọ́. Àga ni, sípíkà ni, gbogbo ohun tí mo kó sẹ́yìn ni. Catherine ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbé e fò."

Ẹkún Màmá dá.

"Bámijí, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ̀, o sì gbé mi jókòó sínú ẹ̀?"

Bámijí dojú bolẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bàálù lè má sí nílé yín, ṣùgbọ́n mọ́tò wà, jẹnẹrétọ̀ wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ fẹ́ tún kọ́ òkè lé wà. Kẹ́ ẹ tó fẹwà kún nǹkan, ẹ bi ẹni tó mọṣẹ́ bóyá ó lè gbé e. Tó bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró! Ẹ pe ẹbí yín, ẹ ní, "Ẹ má bínú, kò tíì ṣeé ṣe." Wọ́n á kùn, wọ́n á sì gbàgbé. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú kékeré mú yín fi ẹ̀mí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù wewu. Ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.