Báàjì Oníbọn

"Ẹ dúró ná!" Ẹnjiníà, bí gbogbo ará àdúgbò Cypress ṣe ṣì ń pè é, tẹjú mọ́ báàjì kóòtù àlejò rẹ̀, bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ gbé ọmọbìnrin Ẹnjiníà níyàwó. "Ẹ ní iṣẹ́ rédíò lẹ ṣe nígbà tẹ́ ẹ yọ̀ǹda ara yín fún ṣọ́jà ní London. Kí ni àwòrán ìbọn ńlá ń wá lára báàjì yín?"

"Ẹgbẹ́ wa ló ń yí iṣẹ́ padà. Ṣọ́jà tó ń fẹsẹ̀ rìn jà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń fi ìbọn ńlá já ọkọ̀ òfurufú lulẹ̀, kó tó kan rédíò. Báàjì la ò pààrọ̀."

Ẹnjiníà yínmú. Gbájúẹ̀ rèé! "Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó fi àmì ẹ̀ sílẹ̀!"

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Ẹnjiníà, aṣọ nọ́ọ̀sì yín ti gbẹ o. Ẹ máa múra iṣẹ́."