Ìkéde Láti Ìwó

Ní ọ́fíìsì kan ní Old GRA, ní Port Harcourt, Fọláhànmí àti Múyìwá ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí a ṣe ń dá èèyàn mọ̀. Kọ̀ǹpútà á ka ìwé ìròyìn, á kó orúkọ jọ, á wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká, á wá béèrè pé: ṣé ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì yìí? Ọmọ Yorùbá kan lè ní orúkọ mẹ́fà, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́. Wọ́n á tẹ Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Rárá. Bí wọ́n bá tẹ Rárá, kọ̀ǹpútà á gbà, kò sì ní so àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́.

Yàrá kan ni Fọláhànmí ń gbé ní Rumuigbo. Kì í gba àlejò, fóònù rẹ̀ kì í sì í dún. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, á máa fi òwú hun fìlà ọmọdé, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Kò bímọ.

Òun ló bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n máa kó ìkéde ìyá kan ní Ìwó wá sọ́dọ̀ òun. Lọ́dọọdún ni obìnrin náà ń kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá Alimat, ọmọ òun, tó sá kúrò nílé lẹ́yìn tí sítóòfù gbiná, tí àbúrò rẹ̀, Làtífù, sì kú. Wọ́n ní Port Harcourt ló forí lé. Ọ̀gá ti ní bí wọ́n bá rí Alimat, òun á pe ìyá náà lójú ẹsẹ̀.

"Àǹtí Fọlá, that mama don put another one o," Múyìwá wí lọ́jọ́ Ajé kan. "Ojú ẹ̀ ti ń fọ́. Ó ní òun fẹ́ rí ọmọ òun kó tó ṣókùnkùn pátápátá."

"Mo ti rí i."

Kọ̀ǹpútà mú fọ́tò ìyàwó ọ̀ṣìngín kan ní Rumuigbo wá, ó béèrè bóyá òun ni Alimat. Fọláhànmí tẹ Rárá.

"How you take know?"

"Eléyìí kúrú nínú fọ́tò. Alimat ga."

"Wọn ò kọ bó ṣe ga síbẹ̀ now."

"Ó wà nínú ti tẹ́lẹ̀."

Múyìwá dìde láti lọ ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja. "God go help you find am, Àǹtí."

"Àmín."

Nígbà tó jáde, Fọláhànmí tún ka ìkéde náà. *Alimat, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Fìlà tí o hun fún Làtífù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Máa bọ̀ nílé.* Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó gbójú kúrò.

Kọ̀ǹpútà tún béèrè: ṣé ẹnì kan náà ni Alimat yìí àti Fọláhànmí, ọmọ Ìwó, tí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní Eliozu ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún fìlà; ó wẹ̀yìn wò bóyá Múyìwá ti dé, ó tẹ Rárá kí ẹnikẹ́ni má baà tún béèrè mọ́, ó sì gbé òwú rẹ̀, ó ń hun fìlà lọ, ní ìwọ̀n orí àbúrò rẹ̀.