Abẹ́rẹ́ Tó Wà Lórúnkún Ìyá

Yun-hui gbé àwòrán egungun kalẹ̀ níwájú Dókítà Pyo, oníṣègùn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ara láti lé ìrora, tó sì ń tọ́jú orúnkún ìyá Yun-hui ní ìlú Jecheon ní Kòríà.

Nínú àwòrán náà, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kún orúnkún méjèèjì bí irun.

"Ilé ìwòsàn ńlá ló yà á láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ọ̀kan ti ń rìn lọ síbi iṣan ẹ̀jẹ̀. Dókítà, ẹ ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ sára ìyá mi."

"Gbogbo èyí tí mo bá gún ni mò ń yọ."

"Olè kì í sọ pé òun jalè."

Ìyá, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fà á láṣọ. "Yun-hui, jẹ́ ká máa lọ sílé. Ọlọ́run á wò mí sàn."

Yun-hui kò dìde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ló dé tí Ìyá ń gbèjà ọkùnrin yìí?

Dókítà gbé àwòrán náà sójú iná.

"Wúrà lèyí. Àwọn kan máa ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á gún un sínú oríkèé, wọ́n á ní yóò yọ́ sínú ara. Kì í yọ́. Màmá, ta ló mú yín lọ síbẹ̀?"

"Mo ti gbàgbé."

"Ẹ rántí dáadáa."

"Arúgbó ni mí, ọmọ mi. Mo ti gbàgbé."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Yun-hui ni Ìyá dì mú lábẹ́ tábìlì.

Yun-hui wá rántí.

Lọ́jọ́ tí Ìyá pé ọgọ́ta ọdún, òun ló gbé e lọ síbẹ̀, òun ló ní kí wọ́n fi wúrà sí i, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé Ìyá bímọ rere.